Ojú Gígé àti Ọwọ́ Ẹ̀rọ: Ọ̀ràn Fíréèmù nínú Iṣẹ́ Lámèyítọ́ Fídíò Yorùbá

Ìfáárà

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ohun kan tí ó kéré lójú ṣùgbọ́n tí ó lè da ìdájọ́ lámèyítọ́ rú pátápátá. Ohun náà ni fíréèmù, ìyẹn àwòrán ẹyọ kan nínú ọ̀wọ́ àwòrán tí ń sáré tẹ̀lé ara wọn lójú òǹwòran tí ó fi máa ń dà bí ẹni pé ènìyàn inú wọn ń rìn. Lórí ìlànà PAL tí a ń lò ní ilẹ̀ Nàìjíríà láyé téèpù, fíréèmù 25 ni ó ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tí ó bá ṣẹ́jú lè má rí ọ̀kan nínú wọn. Èyí ni ó mú kí àwọn kan máa rò pé ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ fíréèmù, pé kò kan ẹni tí ń yẹ ìtàn, ẹ̀dá-ìtàn àti ìlò èdè wò.

Èrò tiwa yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí á ro àpẹẹrẹ kan. Nínú eré kan, ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ rẹ̀ sì ti gbé àpò kọ́ èjìká. Ohun tí òṣèré tí ó ṣe ìyá sọ níwájú kámẹ́rà ni "Má lọ." Ọmọ ni a kọ́kọ́ ń wò, nígbà tí a gé àwòrán rẹ̀ tí ti ìyá wọlé, ohun tí òǹwòran gbọ́ ni "Lọ." Lámèyítọ́ kan lè jókòó kí ó kọ ojú-ewé mẹ́ta lórí ìyá tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ lé ọmọ síta. Òmíràn lè sọ pé olótùú kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì ṣìnà. Ó ṣeé ṣe kí olótùú ti fi ojú gígé náà sí ibi tí ó yẹ gan-an, kí ẹ̀rọ tí ń gba àwòrán sílẹ̀ sì wọlé pẹ́ ní fíréèmù márùn-ún péré.

Ìbéèrè tí a fẹ́ kí lámèyítọ́ máa bi ara rẹ̀ kí ó tó bi òǹkọ̀wé eré tàbí olùdarí rẹ̀ ni èyí: ta ni ó gé e? A ń sọ pé nínú iṣẹ́ tí a ṣe lórí téèpù, kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti ka ojú gígé kan sí ìpinnu ọmọ ènìyàn títí tí yóò fi mọ ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Oríṣi ìdájọ́ méjì ni a sábà máa ń gbọ́ nípa fídíò Yorùbá ti ìparí àwọn ọdún 1980 àti ti àwọn ọdún 1990. Àwọn kan ka gbogbo ojú gígé tí kò dán sí àìmọ̀ọ́ṣe. Àwọn kan sì ń wá ìjìnlẹ̀ ìtumọ̀ fún gbogbo rẹ̀. Wọ́n dà bí ẹni méjì tí ń jiyàn lórí ohun tí onílù sọ, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì wò ó bóyá awọ ìlù ti ya.

Láti orí fíìmù dé orí téèpù

Kí fídíò tó gbòde, fíìmù ni. Àjàní Ògún (1976) tí Ọlá Balógun darí, Aiyé (1979), Jáiyésinmi (1980), Àròpin N'Tènìyàn (1982) àti Àyànmọ́ (1988) tí Hubert Ògúndé gbé jáde, fíìmù ni gbogbo wọn. Bí a bá gbé fíìmù sókè sí ìmọ́lẹ̀, a ó fojú rí àwòrán kọ̀ọ̀kan, a ó sì rí ìlà tí ó pààlà láàrin ọ̀kan àti èkejì. Lórí fíìmù onímìlímítà 35, àwòrán 16 ni ó wà nínú ẹsẹ̀ bàtà kan. Orí ìlà ààlà yìí ni abẹ olótùú máa ń bọ́ sí. Ìdí nìyí tí Peter Kubelka, ará Austria, fi lè ṣe odidi iṣẹ́ kan, Arnulf Rainer (1960), láti inú fíréèmù dúdú àti funfun nìkan, tí ó sì ka gbogbo wọn bí ẹni ka owó ẹyọ. Bí olótùú fíìmù bá ṣì í gé, òun ni ó ṣì í gé. Ojú gígé inú fíìmù ní ẹni tí ó ni ín.

Téèpù kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀já aláwọ̀ ilẹ̀ ni, kò sí àwòrán kankan tí ojú lè rí lórí rẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Ampex gbé ẹ̀rọ téèpù àwòrán jáde ní 1956, abẹ ni wọ́n ṣì fi ń gé téèpù bí wọ́n ti ń gé fíìmù. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó mọ ibi tí fíréèmù kan parí sí, wọ́n ní láti da ìyẹ̀fun irin sí orí téèpù kí ipa tí ẹ̀rọ fi sílẹ̀ lè hàn, kí wọ́n sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Bí abẹ bá yẹ̀ díẹ̀, àwòrán á fò nígbà tí ó bá dé ibẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa iṣẹ́ abẹ tì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ méjì ṣe é: ọ̀kan ń sọ àwòrán, èkejì ń gbà á sílẹ̀.

Ibi yìí ni gbogbo ọ̀ràn tí a ń sọ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a ń pè ní gígé lórí téèpù kì í ṣe gígé rárá, àdàkọ ni. Olótùú kò fọwọ́ kan àwòrán mọ́. Ó pàṣẹ, ẹ̀rọ sì jẹ́ ẹ, ní àkókò tí ẹ̀rọ bá lè jẹ́ ẹ. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986 sọ náírà di yẹpẹrẹ, tí owó fíìmù àti ti fífọ̀ ọ́ lókè òkun kọjá agbára àwọn ẹgbẹ́ òṣèré alárìnjò, orí téèpù ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn wá. A sábà máa ń sọ̀rọ̀ nípa ìyípadà yìí bí ọ̀rọ̀ owó àti ti ọjà. A kì í sọ pé ní ọjọ́ náà gan-an ni ẹlòmíràn dá sí ọ̀rọ̀ tí ó wà láàrin olótùú àti ojú gígé rẹ̀.

Kíka nọ́ńbà àti mímọ orúkọ

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ ibi tí ó wà lórí téèpù? Ọ̀nà méjì ni. Èkíní ni pé ó ń ka àmì. Lẹ́bàá àwòrán, ẹ̀rọ a máa fi àmì kan sílẹ̀ fún fíréèmù kọ̀ọ̀kan lórí ipa tóóró kan tí ó wà fún ìdarí ìrìn téèpù. Ẹ̀rọ VHS kò ní ọ̀nà mìíràn tí ó ju èyí lọ. Ó dà bí ẹni tí ń ka ebè lóko: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ebè kò ní orúkọ. Bí ọkùnrin náà bá kọsẹ̀, tàbí tí ó yíjú padà láti dá ẹni tí ó kí i lóhùn, kò lè fi ebè kan ṣe ẹ̀rí pé òun ni ìkẹrìnlélógún. Ẹ̀rọ náà a máa sọ àmì kan tàbí méjì nù nígbà tí téèpù bá ń lọ sẹ́yìn, tí ó bá dúró, tàbí tí ó bá tún gbéra. Bí olótùú bá dán ojú gígé kan wò ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí ó tó fọwọ́ sí i, tí ó ń dá téèpù padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kí ojú gígé tí ó dán wò àti èyí tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀ níkẹyìn má jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ kíyè sí i pé ìṣọ́ra olótùú gan-an ni ó dá kún àṣìṣe ẹ̀rọ.

Ọ̀nà kejì ni pé kí á sọ fíréèmù kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Ní 1967 ni ilé-iṣẹ́ EECO ní Amẹ́ríkà gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ jáde, ẹgbẹ́ SMPTE sì sọ ọ́ di ìlànà kan tí gbogbo ayé ń lò lẹ́yìn náà. Wákàtí, ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú-àáyá àti fíréèmù ni a kọ sí ara téèpù, tí 10:00:00:00 fi yàtọ̀ sí 10:00:00:01, tí ìyàtọ̀ náà kò sì lè parẹ́ bí ó ti wù kí a yí téèpù síwá sẹ́yìn tó. Ebè ti di ilé tí ó ní nọ́ńbà lára ògiri. Orí ìlànà yìí ni CMX 600, ẹ̀rọ àtúntò tí ó jáde ní 1971, dúró lé, orí rẹ̀ náà sì ni gbogbo ẹ̀rọ Betacam tí Sony gbé jáde láti 1982 dúró lé.

Síbẹ̀, kí á má ṣe rò pé orúkọ ti parí ìjà. Àmì tí a kọ sí òró téèpù kò ṣeé kà nígbà tí téèpù bá dúró jẹ́ẹ́ tàbí tí ó ń rá pálá, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbà tí téèpù dúró gan-an ni olótùú máa ń yan fíréèmù rẹ̀. Nígbà náà, ẹ̀rọ a padà sí kíka àmì ìdarí bí ti àtijọ́, a sì máa fi orúkọ pe ohun tí ó fi kíka dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí èyí ni a fi tún ṣe irú àmì kejì tí a fi pamọ́ sáàrin àwòrán kan àti èkejì, tí ó ṣeé kà bí téèpù tilẹ̀ dúró. Òun náà kò ṣeé kà bí téèpù bá ń sáré tete. Àwọn méjèèjì ni ó ń ran ara wọn lọ́wọ́.

Àgbò tó fẹ̀yìn rìn

Ẹ̀rọ téèpù kò lè ti orí ìdúró bọ́ sínú ìgbàsílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbọ́dọ̀ sáré dé ìwọ̀n tirẹ̀ kí àwòrán tó dúró. Nítorí náà, bí olótùú bá pàṣẹ, ẹ̀rọ méjèèjì a kọ́kọ́ padà sẹ́yìn ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Wọn a gbéra pọ̀, wọn a bá ara wọn dọ́gba, nígbà tí ojú gígé bá sì kọjá, ẹ̀rọ kejì a bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á sílẹ̀. Nínú ẹ̀rọ tí ó dára, a ti mọ̀ pé láti ìgbà tí àṣẹ bá dé títí di ìgbà tí ìgbàsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gba fíréèmù mélòó kan, a ó sì ti pàṣẹ ṣáájú ní iye náà. Nínú ẹ̀rọ tí kò dára, àgbò padà sẹ́yìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí yóò kàn kì í ṣe ọ̀kan náà lójoojúmọ́.

Ìyàtọ̀ tí ó wà níbí ṣe pàtàkì ju bí àṣìṣe ti tóbi tó lọ. Àṣìṣe kan wà tí ó dúró sójú kan, òmíràn sì jẹ́ alárìnkiri. Bí ẹ̀rọ bá ń pẹ́ ní fíréèmù méjì nígbà gbogbo, olótùú kò ní ìyọnu. Yóò yọ méjì kúrò, ọ̀rọ̀ á parí. Ọ̀nà tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí dunjú ń gbà wádìí rẹ̀ rọrùn. Wọn a mú téèpù kan tí nọ́ńbà fíréèmù hàn gbangba nínú àwòrán fúnra rẹ̀, wọn a sì pàṣẹ kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwòrán láti nọ́ńbà kan pàtó. Wọn a wo fíréèmù àkọ́kọ́ tí ó wọlé. Wọn a ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, àti lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí nọ́ńbà kan náà bá ń wọlé, ẹ̀rọ ṣeé tọ́ sọ́nà. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan wọlé lónìí, ẹ̀ta lọ́la, kò sí ìṣirò tí ó lè gbà á là.

Kódà, ẹ̀rọ olówó iyebíye lè mọ̀ọ́mọ̀ kọ ibi tí olótùú yàn. Nínú ìlànà PAL, ẹ̀ẹ̀kan nínú fíréèmù mẹ́rin-mẹ́rin ni àmì àwọ̀ ń padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá so àwòrán méjì pọ̀ níbi tí àmì àwọ̀ wọn kò ti bára mu, àwòrán lè ta pọ́ún sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí èyí má bàa ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ tí a bá ti sọ fún láti bọ̀wọ̀ fún ètò àwọ̀ yóò sún ojú gígé náà síwájú tàbí sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Olótùú ni ó yàn án, ẹ̀rọ ni ó sún un. Orúkọ ta ni kí lámèyítọ́ kọ sábẹ́ rẹ̀?

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, tí Avid gbé tirẹ̀ jáde ní 1989, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìṣòro ti tán, nítorí pé nínú kọ̀ǹpútà, a lè rí fíréèmù kọ̀ọ̀kan bí a ti ń rí i lára fíìmù. Òótọ́ ni pé inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò ní ìṣòro. Ẹnu ọ̀nà ni ìṣòro wà, níbi tí a ń gbà wọlé àti níbi tí a ń gbà jáde. Ní àwọn ọdún náà, àwòrán tí kò fi bẹ́ẹ̀ dán ni a ń gbà sínú kọ̀ǹpútà láti fi to eré. Lẹ́yìn náà ni a ó mú àkọsílẹ̀ gbogbo nọ́ńbà ojú gígé lọ sí ibi ẹ̀rọ ńlá, kí á tún eré náà tò láti orí téèpù àkọ́kọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá ti pe fíréèmù kan ní orúkọ èkejì rẹ̀ nígbà tí ó ń gbà á wọlé, olótùú kò lè mọ̀. Ohun tí ó ń wò lójú gíláàsì dára. Orúkọ tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ ni kò dára. Ohun kan ni ó fọwọ́ sí, ohun mìíràn ni ó jáde.

Ẹ̀rọ DV tí ó dé ní 1995 mú owó iṣẹ́ wálẹ̀, ṣùgbọ́n ó dá àìsàn àtijọ́ padà. Nínú ètò Betacam, okùn ọ̀tọ̀ ni ó ń gbé àṣẹ, kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ téèpù sì jọ ń tẹ̀lé ìlù kan ṣoṣo tí ń lù fún fíréèmù kọ̀ọ̀kan. Nínú ètò DV, okùn kan náà ni àṣẹ àti àwòrán ń gbà, kò sì sí ìlù tí àwọn méjèèjì ń jó sí. Àṣẹ á dé nígbà tí ó bá dé. Àṣìṣe alárìnkiri tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáájú ni ó tún padà wá, nínú aṣọ tuntun.

Fíréèmù àṣẹ́kù

Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó ń ṣi lámèyítọ́ lọ́nà jù lọ máa ń wáyé nígbà tí a bá ń gbé eré jáde sórí téèpù. Kí á sọ pé eré ti wà lórí téèpù tán, kí á sì wá fẹ́ pààrọ̀ àwòrán kan ṣoṣo nínú rẹ̀. A ó fi tuntun lé orí ti àtijọ́, láti fíréèmù tí ó bẹ̀rẹ̀ títí dé èyí tí ó parí. Bí ẹ̀rọ bá wọlé pẹ́ ní fíréèmù kan, fíréèmù kan nínú àwòrán àtijọ́ yóò ṣẹ́kù síbẹ̀. Òǹwòran yóò rí ohun kan tí ó kọ yẹ̀rì bí mànàmáná, kò sì ní lè sọ ohun tí ó jẹ́. Ó lè jẹ́ ojú ènìyàn. Ó lè jẹ́ igi.

Bí eré náà bá jẹ́ eré ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́, a ó sọ pé àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà Aiyé ni eré nípa àjẹ́, ànjọ̀nú àti àwọn ẹ̀mí àìrí ti jẹ́ òpómúléró nínú fíìmù àti fídíò Yorùbá. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ojú tí ó kọ yẹ̀rì tí ó sì lọ ní ìtumọ̀ tí ó wà nílẹ̀ dè é. Lámèyítọ́ yóò sọ pé olùdarí fi hàn wá pé àwọn àgbà ń ṣọ́ ọmọbìnrin náà. Ìtumọ̀ yìí dùn ún gbọ́, ó sì bá ìtàn mu. Ohun tí ó burú nínú rẹ̀ ni pé ó fi ògo fún olùdarí lórí ohun tí kò ṣe, ó sì bo ògo tí ó yẹ kí a fún un níbòmíràn nínú eré kan náà, níbi tí ó ti mọ̀ọ́mọ̀ fi ojú bẹ́ẹ̀ hàn fún ìwọ̀nba àkókò tí òǹwòran lè rí i.

Ọ̀nà wà láti mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Fíréèmù kọ̀ọ̀kan lórí téèpù jẹ́ ìlàjì méjì: ìlàjì kan ru ìlà kìíní, ìkẹta àti ìkarùn-ún, títí lọ, èkejì ru ìlà kejì, ìkẹrin àti ìkẹfà. Bí a bá dá àwòrán dúró ní ojú gígé tí a sì rí i pé ìlàjì kan jẹ́ ti àwòrán àtijọ́, tí èkejì jẹ́ ti tuntun, ó ṣòro láti sọ pé ènìyàn ni ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Bákan náà, bí fíréèmù àṣẹ́kù bá wà ní ojú gígé mẹ́wàá nínú eré kan, tí mẹ́jọ nínú wọn kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ẹ̀mí àìrí, kò yẹ kí á túmọ̀ méjì tí ó kù láìfura.

Etí gbólóhùn Yorùbá

A ti sọ pé "Má lọ" lè di "Lọ." Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ síi lórí èyí, nítorí pé ibi yìí ni ọ̀rọ̀ fíréèmù ti kan onímọ̀ èdè gbọ̀ngbọ̀n. Bí òṣèré bá ń pe sílébù márùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, fíréèmù márùn-ún ni sílébù kan gbà. Bí ó bá ń yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè má gbà ju mẹ́rin lọ. Àṣìṣe fíréèmù mẹ́rin tàbí márùn-ún kì í sì í ṣe ohun ìyanu lórí ẹ̀rọ tí ń fi kíka àmì ṣiṣẹ́.

Nínú èdè tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn, bí sílébù kan bá sọnù, etí òǹgbọ́ lè fi ìyókù ọ̀rọ̀ náà dí i. Nínú èdè Yorùbá, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe jẹ́ onísílébù kan, àwọn wúńrẹ̀n tí ń gbé ẹrù gbólóhùn náà sì jẹ́ onísílébù kan, etí gbólóhùn gan-an ni wọ́n sì sábà máa ń wà. Bí "Kò" bá bọ́ lórí "Kò wá," àṣẹ ni yóò kù: "Wá." Bí "A" bá bọ́ lórí "A kò gbà," ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìdílé jọ sọ di ti ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀. Bí "Ṣé" bá bọ́ lórí "Ṣé ó ti dé?" tàbí tí "bí" bá bọ́ lẹ́yìn "Ó ti dé bí?", ìbéèrè di ìròyìn. Kò tilẹ̀ di dandan kí odidi sílébù lọ. Ohùn òkè àti ohùn àárín nìkan ni ó ya "Ó lọ" sọ́tọ̀ sí "O lọ," bí fáwẹ́lì náà bá sì bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì, etí lè ṣi ọ̀kan gbọ́ fún èkejì.

Ọ̀rọ̀ ìlù náà rí bẹ́ẹ̀, bóyá ó tilẹ̀ le jù ú lọ, nítorí pé ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì tí ó lè fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ohùn nìkan ni ó ní. Nínú Ṣaworoidẹ (1999) tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ tí Túndé Kèlání sì darí, orí lílù ìlù kan ni ikú ọba dúró lé. Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ìlù ni ó ń ṣe ohun tí ìbọn ń ṣe nínú eré ilẹ̀ mìíràn. Ìró àkọ́kọ́ tí ó bá sọnù ní ojú gígé lè sọ gbólóhùn ìlù di òmíràn létí ẹni tí ó gbọ́ ìlù. Ẹni tí kò gbọ́ ọ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe. Yóò ṣáà máa jó.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan fi Walter Murch, olótùú fíìmù ará Amẹ́ríkà, ta kò wá. Nínú ìwé rẹ̀, In the Blink of an Eye, ó to ohun mẹ́fà tí ó yẹ kí ojú gígé dára sí, ó sì fún ìmọ̀lára ní 51 nínú ọgọ́rùn-ún, ìtàn ní 23, ìró-ìrìn eré ní 10. Wọ́n á ní bí ọkàn òǹwòran bá ti gbé e, kí ni fíréèmù kan fẹ́ ṣe? A gbà pé ìmọ̀lára ni ó ṣáájú. Ṣùgbọ́n orí fíìmù ni Murch ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí ó ti dá a lójú pé fíréèmù tí òun yàn ni fíréèmù tí yóò jáde. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò jò lè sọ pé àwòrán ara ògiri ṣe pàtàkì ju páànù lọ. Àti pé nínú "Má lọ" tí ó di "Lọ," ìmọ̀lára gan-an ni ó yí padà.

Ẹ̀dà wo ni à ń kà?

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó kan àwa tí ń kọ́ni. Ẹ̀dà VHS tí ó dé ọwọ́ lámèyítọ́ kì í sábà ní nọ́ńbà fíréèmù kankan. Bí ẹ̀dà náà bá sì ti gba Amẹ́ríkà kọjá, orí ìlànà NTSC ni ó wà, níbi tí fíréèmù ti jẹ́ 29.97 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tí wọ́n ń sọ 25 di 29.97, àwọn àwòrán kan yóò ti di àtúnsọ, tàbí kí wọ́n po méjì pọ̀ di ọ̀kan. Ojú méjì tí ó wọnú ara wọn ní ojú gígé nínú irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọgbọ́n olùdarí, kì í sì í ṣe àṣìṣe olótùú. Nọ́ńbà NTSC tilẹ̀ máa ń fo méjì ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, àyàfi ìṣẹ́jú kẹwàá-kẹwàá, tí ó fi di 108 ní wákàtí kan, kí ó lè bá aago mu. Nọ́ńbà ni ó fò, kì í ṣe àwòrán. Ẹni tí kò mọ èyí lè máa wá àwòrán tí kò sọnù.

Àkókò kò sì dúró dè wá. Sony kò ta téèpù Betacam mọ́ láti oṣù kẹta 2016, ní oṣù keje ọdún náà sì ni Funai ṣíwọ́ ṣíṣe ẹ̀rọ VHS. Ní 2019, UNESCO àti ẹgbẹ́ IASA kéde fún gbogbo ayé pé ní nǹkan bí 2025, ẹ̀rọ tí a fi lè ka téèpù yóò ti ṣọ̀wọ́n. Àwọn téèpù àwọn òṣèré wa wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn, ooru àti ìbu sì ń bá wọn jà. Àwọn tí ń sáré kó wọn sínú kọ̀ǹpútà nísinsìnyí ń ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí á dúpẹ́ lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú a máa ju fíréèmù nù nígbà tí kò bá lè sáré tó, kì í sì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Eré tí ó gba 90 ìṣẹ́jú lórí PAL gbọ́dọ̀ ní fíréèmù 135,000. Bí èyí tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà bá dín sí i, ẹ̀dà tuntun náà ti ní ojú gígé tí ẹnikẹ́ni kò gé.

Nítorí náà, kí á gba téèpù wọlé lẹ́ẹ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdá a dúró, kí á ka iye fíréèmù rẹ̀, kí á kọ irú ẹ̀rọ tí ó sọ ọ́ àti ìlànà tí ó wà lórí rẹ̀ sílẹ̀, kí á má sì ṣe ju téèpù nù. Bí lámèyítọ́ bá sì fẹ́ tọ́ka sí ojú gígé kan, kí ó sọ ẹ̀dà tí ó wò, kí ó sì ka fíréèmù rẹ̀ láti orí àwòrán àkọ́kọ́ nínú eré fúnra rẹ̀. Kí ó má ṣe kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ téèpù, nítorí pé ìpolówó àwọn eré mìíràn tí olùtajà fi ṣáájú kì í gùn bákan náà láti ẹ̀dà kan dé òmíràn.